Ìwọlé àti ìlúgọ HIV nínú sẹ́ẹ̀lì àjẹsára

HIV, tí a tún ń pè ní kòkòrò apa-sójà-ara, jẹ́ kòkòrò àìfojúrí tí ó máa ń wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ètò àjẹsára ènìyàn, pàápàá jù lọ irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tí a mọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì CD4. Bí kò bá sí ìtọ́jú, iye àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí yóò máa dínkù lára aláìsàn títí ara rẹ̀ kò fi ní lè bá àìsàn jà mọ́. Ipò yìí ni a ń pè ní àrùn ìsọdọ̀lẹ àjẹsára, tàbí éèdì. Ohun tí ó mú HIV yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí mìíràn ni pé ó máa ń rán ara rẹ̀ mọ́ DNA sẹ́ẹ̀lì tí ó bá wọ̀. Nínú ìwọ̀nba díẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, kòkòrò náà lè dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún: kò ní bí sí i, kò ní pa sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé e, oògùn kò sì ní rí i mú. Ibùba yìí ni ó fà á tí oògùn òde òní fi lè dá HIV lọ́wọ́ kọ́, ṣùgbọ́n tí kò lè lé e jáde tán kúrò lára.

Orúkọ àti ìtàn ìṣàwárí

Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ya kòkòrò yìí sọ́tọ̀ ní ilé ìwádìí Pasteur ní ìlú Paris, ní ọdún 1983. Inú kókó ara tí ó wú lọ́rùn aláìsàn kan ni wọ́n ti rí i. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn fún iṣẹ́ náà ní ọdún 2008. Orúkọ náà HIV di èyí tí gbogbo onímọ̀ gbà láti ọdún 1986.

Ní èdè Yorùbá, àwọn ènìyàn máa ń pe àìsàn tí kòkòrò yìí ń fà ní éèdì tàbí àrùn kògbóògùn. Orúkọ kejì yìí bá ìgbà tí kò tíì sí ìtọ́jú tó múná dóko mu. Láti ọdún 1996, nígbà tí lílo oògùn mẹ́ta papọ̀ bẹ̀rẹ̀, HIV ti di kòkòrò tí ń gbọ́ oògùn. Ohun tí kò tíì ṣe é ṣe fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó ní in ni kí ó kúrò lára wọn pátápátá. Kí a sọ pé àrùn kan kò gbọ́ oògùn yàtọ̀ sí kí a sọ pé kòkòrò rẹ̀ kì í lọ tán, ìyàtọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń lo oògùn lójoojúmọ́.

Ìrísí kòkòrò náà

Ìbú kòkòrò HIV kan jẹ́ nǹkan bí 100 sí 120 nanomítà. Bí a bá to 8,000 wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò ní kọjá mìlímítà kan. Èèpo òde rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tí ó mú lára sẹ́ẹ̀lì tí ó ti jáde wá. Lára èèpo náà ni àwọn prótéènì kan yọ síta: gp120 ni ó wà ní góńgó, gp41 ni ó so ó mọ́ èèpo. Nínú èèpo ni àpò kan wà tí ó fẹ̀ ní ìdí tí ó sì ṣóńṣó lórí, tí a fi prótéènì p24 kọ́.

Inú àpò yìí ni ìwé àṣẹ kòkòrò náà wà, ìyẹn ẹ̀dà RNA méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí 9,700 lẹ́tà. Ẹ́ńsáìmù mẹ́ta wà pẹ̀lú rẹ̀: reverse transcriptase, tí ń sọ RNA di DNA, integrase, tí ń rán DNA náà mọ́ DNA ènìyàn, àti protease, tí ń gé prótéènì gígùn sí wẹ́wẹ́. Jíìnì mẹ́sàn-án péré ni HIV ní, nígbà tí ènìyàn ní nǹkan bí 20,000. Nítorí náà kò lè dá bí sí i fúnra rẹ̀. Irinṣẹ́ àti oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tí ó wọ̀ ni ó ń lò.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí HIV ń wọ̀

Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ni HIV lè wọ̀. Àwọn tí ó ní prótéènì CD4 lára ni ó ń wá. Ní ọdún 1984, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì, ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé CD4 ni ilẹ̀kùn tí kòkòrò náà ń kàn kí ó tó wọlé.

Sẹ́ẹ̀lì T tí ó ní CD4. Àwọn wọ̀nyí ni alákòóso ètò àjẹsára. Wọ́n ń fún sẹ́ẹ̀lì B ní àmì pé kí ó pèsè àwọn prótéènì agbógunti-àrùn, wọ́n sì ń ran sẹ́ẹ̀lì CD8, tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀, lọ́wọ́. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa ń ní sẹ́ẹ̀lì CD4 tí ó tó 500 sí 1,500 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí iye náà bá wálẹ̀ ju 200 lọ, ìṣègùn ka ẹni náà sí ẹni tí àrùn ìsọdọ̀lẹ àjẹsára ti mú. Bí a bá fi ètò àjẹsára wé ẹgbẹ́ ọmọ ogun, àwọn ọ̀gágun ni HIV ń lé, kì í ṣe sójà lásán.

Mákírófééjì. Sẹ́ẹ̀lì ńlá ni èyí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé kòkòrò àti òkú sẹ́ẹ̀lì mì. Ó ní CD4, ṣùgbọ́n kò pọ̀ lára rẹ̀ tó ti sẹ́ẹ̀lì T. Kì í tètè kú bí HIV bá wọ̀ ọ́. Ó lè máa pèsè kòkòrò tuntun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó sì máa kó wọn pamọ́ sínú àwọn àpò kéékèèké nínú ara rẹ̀. Inú ọpọlọ ni irú mákírófééjì kan tí a ń pè ní máíkíróglíà wà, òun sì ni sẹ́ẹ̀lì tí HIV ń wọ̀ jù níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka. Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì yìí ni láti máa ṣọ́ awọ ara àti ojú ara, kí ó mú ohun àjèjì tí ó bá rí lọ sí ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì T. HIV máa ń sọ iṣẹ́ yìí di ọkọ̀ fún ara rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka lè gbé kòkòrò náà láti ojú ara dé inú kókó ara, níbi tí sẹ́ẹ̀lì CD4 pọ̀ sí, láìjẹ́ pé kòkòrò náà bí sí i nínú rẹ̀ rárá.

Bí ó ṣe ń wọlé

Ìrìn àjò HIV láti òde sẹ́ẹ̀lì títí dé ìgbà tí ọmọ rẹ̀ yóò jáde pín sí ìpele mẹ́fà.

1. Ìfaramọ́. Prótéènì gp120 á di CD4 mú, yóò sì yí ìrísí padà. Ìyípadà yìí ni ó ń jẹ́ kí ó lè di prótéènì kejì mú, èyí tí ó lè jẹ́ CCR5 tàbí CXCR4. Ọdún 1996 ni a mọ àwọn ilẹ̀kùn kejì wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ń ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn ni ó ń lo CCR5.

2. Ìdàpọ̀ èèpo. gp41 á gún èèpo sẹ́ẹ̀lì, á sì fa èèpo méjèèjì mọ́ra títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Àpò inú kòkòrò náà á bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì.

3. Ìyípadà RNA sí DNA. Reverse transcriptase á ka RNA, á sì fi kọ DNA. Ẹ́ńsáìmù yìí kì í yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, nítorí náà àṣìṣe pọ̀ nínú ohun tí ó ń kọ. Àṣìṣe wọ̀nyí ni ó ń mú kí oríṣiríṣi ẹ̀dà HIV wà lára ẹnìkan ṣoṣo.

4. Ìránmọ́. DNA kòkòrò á wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àárín rẹ̀ tí DNA ènìyàn wà. Integrase á la DNA ènìyàn, á sì rán ti kòkòrò mọ́ ọn. Àwọn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ka jíìnì rẹ̀ lọ́wọ́ ni ó máa ń yàn jù. Láti àkókò yìí lọ, kò sí ohun tí ó ya DNA kòkòrò sọ́tọ̀ kúrò lára DNA sẹ́ẹ̀lì. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá pín sí méjì, àwọn méjèèjì ni yóò jogún rẹ̀.

5. Ìpèsè. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá ń ṣiṣẹ́, á ka DNA kòkòrò bí ẹni ń ka ti ara rẹ̀. Prótéènì kan tí ń jẹ́ Tat máa ń mú kí kíkà náà yára gidigidi. RNA àti prótéènì tuntun á kóra jọ sí ara èèpo sẹ́ẹ̀lì.

6. Ìjáde àti ìgbó. Kòkòrò tuntun á yọ síta pẹ̀lú èèpo tí ó mú lára sẹ́ẹ̀lì. Protease á gé àwọn prótéènì inú rẹ̀, nígbà náà ni yóò tó lè wọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Ààbò inú sẹ́ẹ̀lì

Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò kàn jókòó kí HIV máa ṣe é bí ó ṣe wù ú. Prótéènì kan wà tí ń jẹ́ APOBEC3G, tí ó máa ń ba DNA kòkòrò jẹ́ nígbà tí a bá ń kọ ọ́. HIV ní ohun ìjà tirẹ̀ lòdì sí i, ìyẹn prótéènì Vif, tí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ pa APOBEC3G run. Prótéènì mìíràn, tetherin, máa ń so kòkòrò tuntun mọ́ èèpo sẹ́ẹ̀lì kí ó má bàa lọ, ṣùgbọ́n prótéènì Vpu ti HIV-1 ń tú u.

Ní ọdún 2011, a mọ̀ pé prótéènì SAMHD1 ni ó ń mú kí ó ṣòro fún HIV-1 láti wọ sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka àti mákírófééjì. Ó máa ń dín èròjà tí a fi ń kọ DNA kù nínú sẹ́ẹ̀lì, tó bẹ́ẹ̀ tí reverse transcriptase kò ní rí ohun lò. HIV-2, irú HIV kejì tí ó wọ́pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní prótéènì kan tí ń pa SAMHD1 run. HIV-1 kò ní in. SAMHD1 yìí kan náà tún ń dí HIV-1 lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì CD4 tí ó ń sinmi. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro fún kòkòrò náà láti wọ sẹ́ẹ̀lì tí kò ṣiṣẹ́ ní tààràtà.

Bí sẹ́ẹ̀lì CD4 ṣe ń tán

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí HIV bá wọ ara, ó máa ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì CD4 tí ó wà lára ìfun. Ìfun ni ilé tí ó tóbi jù fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí nínú ara. Bí wọ́n bá tán níbẹ̀, àwọn kòkòrò inú ìfun lè jò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara á sì máa wà ní ipò ìjà nígbà gbogbo.

Iṣẹ́ tí David Ho, Alan Perelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 àti 1996 fi hàn pé kòkòrò náà kì í sinmi, kódà ní àwọn ọdún tí aláìsàn kò mọ ohunkóhun lára. Nǹkan bí bílíọ̀nù 10 kòkòrò tuntun ni ara lè pèsè lójúmọ́ kan, sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè wọn kì í sì í lò ju ọjọ́ méjì lọ kí ó tó kú.

Síbẹ̀, kì í ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè kòkòrò nìkan ni ó ń kú. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ Warner Greene ní ìlú San Francisco fi hàn pé, nínú kókó ara, ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì CD4 tí ó kú jẹ́ èyí tí HIV wọ̀ ṣùgbọ́n tí kò rí iṣẹ́ rẹ̀ parí nínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì náà á rí àjẹkù DNA kòkòrò, á mọ̀ pé ọ̀tá ti wọlé, á sì pa ara rẹ̀. Ikú yìí kì í ṣe ikú wọ́ọ́rọ́wọ́: sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ́, ohun tí ó tú jáde á sì pe àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4 mìíràn wá sí ibẹ̀, níbi tí àwọn náà yóò ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni ààbò ara fi ń di ohun tí ń pa ara lára.

Ìlúgọ nínú sẹ́ẹ̀lì ìrántí

Bí ara bá ti ṣẹ́gun àìsàn kan, ọ̀pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì T tí ó jà á yóò kú. Ìwọ̀nba díẹ̀ yóò ṣẹ́kù, wọn yóò sì lọ sinmi. Àwọn wọ̀nyí ni sẹ́ẹ̀lì ìrántí. Wọ́n lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ wọn sì ni láti rántí kòkòrò àtijọ́, kí ara lè tètè dìde bí ó bá tún padà wá. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a gbà ní kékeré ṣe ń dáàbò bò wá dàgbà nìyẹn.

Bí HIV bá wọ sẹ́ẹ̀lì CD4 kan nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà ń ti ojú ogun bọ̀ láti lọ sinmi, DNA kòkòrò yóò bá a sinmi. Àwọn prótéènì tí sẹ́ẹ̀lì ń lò láti fi ka jíìnì, bíi NF-κB àti NFAT, kì í sí nínú kóró sẹ́ẹ̀lì tí ó ń sinmi. DNA kòkòrò náà sì lè di ohun tí a ká jọ pọ̀ tí a kò lè kà. Nítorí pé kò sí prótéènì kòkòrò kankan lára irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì CD8 kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Oògùn pẹ̀lú kò ní rí ohun mú, nítorí pé iṣẹ́ tí kòkòrò ń ṣe ni oògùn ń dí. Kòkòrò tí kò ṣiṣẹ́ kò ní ohun tí a lè dí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lọ́jọ́ tí ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà ń rántí bá padà wá, tí sẹ́ẹ̀lì sì jí láti jà, HIV yóò jí pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, tí Robert Siliciano, Douglas Richman àti Anthony Fauci wà nínú wọn, fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé irú sẹ́ẹ̀lì yìí ṣì wà lára àwọn tí oògùn ti mú kí kòkòrò pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Sẹ́ẹ̀lì náà kò pọ̀: nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan sẹ́ẹ̀lì CD4 tí ó ń sinmi ni ó ní kòkòrò tí a lè jí. Ṣùgbọ́n kì í tètè tán. Ìwádìí ẹgbẹ́ Siliciano fi hàn pé ó ń gba nǹkan bí oṣù 44 kí ìdajì wọn tó lọ. Ní ìṣirò wọn, bí ènìyàn bá tilẹ̀ ń lo oògùn láìfi ọjọ́ kan sílẹ̀, ó lé ní 70 ọdún kí ibùba náà tó gbẹ.

Ohun mẹ́ta mìíràn ni a ti mọ̀ nípa ibùba yìí láti ìgbà náà:

Èkíní, kíákíá ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí tí a fi ọ̀bọ ṣe, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, ibùba ti wà ní ìdúró kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, kí kòkòrò tilẹ̀ tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀.

Èkejì, ọ̀pọ̀ DNA kòkòrò tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ń lo oògùn ni ó ti bàjẹ́. Ó lé ní ìdá 90 nínú 100 tí kò lè bí kòkòrò tuntun mọ́. Àwọn díẹ̀ tí ó pé pérépéré ni ewu wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta, sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé HIV lè pín, kí ó sì di púpọ̀, láìjẹ́ pé kòkòrò kan jáde. Ìwádìí méjì tí ó jáde ní ọdún 2014 fi èyí hàn: ojú kan náà gan-an ni a ti rí DNA kòkòrò nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìyá kan náà ni ó bí wọn. Nítorí náà ibùba lè tún ara rẹ̀ kún.

Àwọn ibùba mìíràn

Inú kókó ara ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé HIV wà, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀. Nínú kókó yìí ni agbo sẹ́ẹ̀lì B wà, níbi tí irú sẹ́ẹ̀lì CD4 kan ti ń ran sẹ́ẹ̀lì B lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì CD8 tí ń pa sẹ́ẹ̀lì aláìsàn kì í sábà wọ inú agbo yìí, nítorí náà ó di ibi ààbò fún kòkòrò. Irú sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka mìíràn tí ó wà níbẹ̀ tún máa ń so odindi kòkòrò mọ́ ara rẹ̀ láìgbé e mì, kòkòrò náà sì lè wà bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí ó ṣì lágbára láti ran sẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Ìfun, ọlọ́ inú àti ọpọlọ náà jẹ́ ibùba. Ní ti ọpọlọ, ọ̀pọ̀ oògùn kì í wọ ibẹ̀ dáadáa bí ó ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, máíkíróglíà sì máa ń pẹ́ láyé.

Oògùn àti ohun tí ó lè ṣe

Oògùn àkọ́kọ́ fún HIV, zidovudine tí a tún mọ̀ sí AZT, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987. Reverse transcriptase ni ó ń dí. Nítorí àṣìṣe tí ẹ́ńsáìmù yìí ń ṣe, kòkòrò tí oògùn kan ṣoṣo kò ràn kì í pẹ́ jáde. Ní ọdún 1996, a rí i pé bí a bá lo oògùn mẹ́ta papọ̀, ó ṣòro gan-an fún kòkòrò láti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Lónìí, oògùn ARV wà fún ọ̀pọ̀ nínú ìpele tí a kà sókè. Àwọn kan ń dí CCR5, àwọn kan ń dí ìdàpọ̀ èèpo, àwọn kan ń dí reverse transcriptase, integrase tàbí protease. Láti ọdún 2019, dolutegravir, tí ń dí integrase, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òpómúléró ìtọ́jú tí ó yàn, pẹ̀lú oògùn méjì mìíràn, ó sì ṣe é ṣe kí a kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú hóró kan tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́.

Gbogbo oògùn yìí ń ṣe ohun kan náà: wọn kì í jẹ́ kí HIV wọ sẹ́ẹ̀lì tuntun. Wọn kò lè fa DNA kòkòrò yọ kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti wọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì kan nínú ibùba bá jí tí ó sì pèsè kòkòrò, oògùn ni kò ní jẹ́ kí àwọn kòkòrò náà rí ibi lọ. Èyí tó láti jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì CD4 padà pọ̀ sí i, kí ènìyàn sì lo ẹ̀mí gígùn.

Ó tún tó láti dáàbò bo ẹlòmíràn. Ìwádìí PARTNER, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2016 àti 2019, tẹ̀lé àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan ní HIV tí èkejì kò ní, tí wọn kì í lo rọ́bà ìdáàbòbò. Níwọ̀n ìgbà tí oògùn ti mú kí àyẹ̀wò má lè rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní in, a kò rí ẹyọ ẹnìkan tí ó kó o lára ẹnìkejì rẹ̀. Fún aboyún tí ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ewu pé ọmọ yóò kó kòkòrò náà dínkù gidigidi.

Bí a bá dá oògùn dúró

“Àyẹ̀wò kò rí i mọ́” kò túmọ̀ sí “ó ti lọ”. Àyẹ̀wò tí ń ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ń ka àwọn tí ó jáde síta. Kì í ka àwọn tí ó lúgọ sínú DNA. Nítorí náà, ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ dára, tí ara rẹ̀ sì le, tí ó wá dá oògùn dúró nítorí pé ó gbà pé òun ti rí ìwòsàn, yóò rí i pé kòkòrò náà padà, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìwádìí SMART, tí ó ní àwọn olùkópa tí ó lé ní 5,000, yẹ èyí wò. A ní kí àwọn kan máa lo oògùn láìdúró, kí àwọn mìíràn sì máa dá a dúró nígbà tí iye CD4 wọn bá ga. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, a dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí pé àìsàn àti ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ń dá oògùn dúró.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ti ọmọ kan tí a bí ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010. Nígbà tí ó pé nǹkan bí wákàtí 30 láyé ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn. Ìtọ́jú náà dáwọ́ dúró nígbà tí ó tó ọmọ oṣù 18, síbẹ̀ a kò rí kòkòrò lára rẹ̀, àwọn dókítà sì rò pé ó ti rí ìwòsàn. Lẹ́yìn oṣù 27 tí kò ti lo oògùn, ní ọdún 2014, kòkòrò náà padà. Sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù tí àyẹ̀wò kankan kò rí ti tó.

Ìwákiri ìwòsàn

Timothy Ray Brown, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gbé ní Berlin ní Jámánì, ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé HIV kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Nítorí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ó ní, a pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ ní ọdún 2007 àti 2008 pẹ̀lú ti ẹni tí jíìnì CCR5 rẹ̀ ní àbùkù kan tí a ń pè ní Δ32. Ẹni tí ó jogún àbùkù yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kò ní CCR5 lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, HIV kò sì ní rí ilẹ̀kùn kejì kàn. Brown kú ní ọdún 2020 nítorí jẹjẹrẹ náà tí ó padà wá, kì í ṣe nítorí HIV. Ní ọdún 2019, a kéde àbájáde tí ó jọ tirẹ̀ fún Adam Castillejo ní ìlú London.

Irú ìtọ́jú yìí léwu púpọ̀, a kì í sì í ṣe é fún ẹni tí HIV nìkan ń ṣe. Bákan náà, nǹkan bí ẹnìkan nínú 100 láàárín àwọn ará Yúróòpù ni ó ní Δ32 láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì. Láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Àwọn onímọ̀ ń tọ ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Ọ̀nà kan ni láti fi oògùn jí kòkòrò tí ó lúgọ, kí ara lè rí sẹ́ẹ̀lì tí ó gbé e kí ó sì pa á. Ní ọdún 2012, a fi hàn pé oògùn jẹjẹrẹ tí ń jẹ́ vorinostat lè jí i lára ènìyàn, ṣùgbọ́n jíjí nìkan kò mú kí ibùba dínkù. Ọ̀nà kejì yàtọ̀ sí i: láti ti ilẹ̀kùn mọ́ kòkòrò náà títí láé kí ó má lè jí mọ́. Ọ̀nà kẹta ni láti gé DNA rẹ̀ jáde kúrò nínú ti sẹ́ẹ̀lì. Kò sí èyí tí ó tíì di ìtọ́jú fún gbogbo ènìyàn nínú wọn.

HIV ní Nàìjíríà

Ọdún 1986 ni a kọ́kọ́ kéde éèdì ní Nàìjíríà. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2018, tí ìjọba kéde àbájáde rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2019, fi hàn pé ìdá 1.4 nínú 100 àwọn tí ó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni ó ní HIV. Ẹ̀dà HIV-1 tí ó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní CRF02_AG, àti irú G. Ìlú Ìbàdàn ni a ti rí àpẹẹrẹ tí a fi mọ CRF02_AG; ìdí nìyí tí a fi pe àpẹẹrẹ náà ní IbNG.

Irú ẹ̀dà yòówù kí ó jẹ́, ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì CD4, ibùba kan náà ni ó sì ń lúgọ sí. Hóró oògùn tí a ń lò lójoojúmọ́ kò lè dé ibùba yẹn, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí oògùn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò tí ó bá jí kò ní rí sẹ́ẹ̀lì mìíràn wọ̀.